Ta Ló Ń Yan Ẹni Tí Ẹ̀rọ Á Sẹ́ Ẹ̀jẹ̀ Fún?

Ẹni tó bá ti bá ìyá rẹ̀ sẹ́ ògì rí ní Ìnísà á tètè mọ iṣẹ́ kíndìnrín. Asẹ́ á dá èérí dúró, ògì á kọjá. Ti kíndìnrín yàtọ̀ díẹ̀: ìdọ̀tí ló máa ń jẹ́ kó kọjá sínú ìtọ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì dúró. Bí kíndìnrín méjèèjì bá daṣẹ́ sílẹ̀, tí oògùn ò ràn án mọ́, ẹ̀rọ ló máa ń bá a sẹ́ ẹ̀jẹ̀. Dáyálísíìsì nìyẹn.

Netherlands ni Dókítà Willem Kolff ti ṣe ẹ̀rọ yìí ní 1943, nígbà tí ogun ń lọ lọ́wọ́. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń di sọ́sééjì ló fi ṣe asẹ́. Ọ̀pọ̀ aláìsàn kú kí ìyá ẹni ọdún 67 kan tó yè é ní 1945. Àmọ́ gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ lò ó ni wọ́n ń wá iṣan tuntun gún. Ní 1960, Belding Scribner ní Seattle, Amẹ́ríkà, fi ọ̀pá Teflon tíńtín sí apá Clyde Shields, ó sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Shields lo ọdún 11 sí i láyé.

Ni wàhálà bá dé: aláìsàn pọ̀, ẹ̀rọ ò tó. Ìgbìmọ̀ kan ní Seattle wá ń jókòó yan ẹni tí yóò yè. Ní 1972, ìjọba Amẹ́ríkà ṣòfin pé àwọn á máa sanwó rẹ̀.

Ní 1981 ni dáyálísíìsì bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, ní LUTH, Èkó. Àwa ò ní ìgbìmọ̀ o. Àpò ló ń yàn fún wa. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ló yẹ kí ọ̀pọ̀ aláìsàn ṣe é: ìgbà 156 lọ́dún. Bó bá jẹ́ 50,000 náírà lẹ́ẹ̀kan, 7,800,000 nìyẹn. Ní 2025, ìjọba àpapọ̀ sọ ọ́ di 12,000 láwọn ilé ìwòsàn rẹ̀ kan, títí kan UCH Ìbàdàn. Inú wa dùn. Àmọ́ ará Ìnísà gbọ́dọ̀ gba Ìkìrun, gba Òṣogbo, kó tó dé Ìbàdàn, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀! Ilé ìwòsàn ńlá tó wà l'Óṣogbo, ti ìjọba ìpínlẹ̀ ni.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wa, ẹ jẹ́ ká máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà wò, torí àwọn ló sábà ń ba kíndìnrín jẹ́. Ká sì máa bèèrè lọ́wọ́ àwọn tá a dìbò fún pé: ìgbà wo ni ẹ̀dínwó yìí máa dé Òṣogbo?