Ilé Olódi Keta: Ohun tí Òkun Jẹ Kù

Ìtàn tòní gbé wa lọ sí Keta, ní etíkun Ghana, lápá ìlà-oòrùn Odò Volta. Ìlú àwọn Ewe ni. Òkun wà níwájú rẹ̀, ọ̀sà wà lẹ́yìn.

Ní 1784, àwọn òyìnbó Denmark bá àwọn ará Anlo jà. Àwọn aládùúgbò Anlo kan gbè sẹ́yìn òyìnbó, wọ́n sì ṣẹ́gun. Kí agbára àti òwò ibẹ̀ lè wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n fi òkúta kọ́ ilé olódi kan, wọ́n pè é ní Prinzenstein. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń ti ẹrú mọ́ kí ọkọ̀ tó kó wọn sọdá. Òfin Denmark tó ka òwò ẹrú léèwọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1803, ṣùgbọ́n àwọn kan ṣì ń ṣe é níkọ̀kọ̀ ní etíkun yẹn. Ní 1850, Denmark ta ilé náà fún Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó yá, ó di ọgbà ẹ̀wọ̀n.

Ní 1979, UNESCO kà á mọ́ àwọn ilé olódi Ghana tó jẹ́ ogún gbogbo ayé. Ọdún kejì rẹ̀ ni òkun ya wọlé, tó wó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Òkun ò mọ ìwé kà! Ilé àwọn ará ìlú náà bá a lọ. Àwókù ògiri àti àwọn yàrá díẹ̀ ló kù.

Kí ló kàn wá ńbẹ̀? Púpọ̀ nínú àwọn òbí wa, ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ẹ̀jìgbò, Ọ̀ffà àti Ṣakí, ló ti fi Ghana ṣe ilé rí. Ní oṣù kọkànlá 1969, ìjọba fún ẹni tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Wọ́n fi ilé àti ìsọ̀ sílẹ̀. Wọn ò kọ́ odi òkúta tí èèyàn lè lọ wò. Ẹnu wọn nìkan ni ìtàn wọn wà, àgbà sì ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tó bá ṣì ní àgbà nílé, ẹ jẹ́ ká bi wọ́n: ìlú wo ni wọ́n gbé, kí ni wọ́n tà, ta ló gbà wọ́n sílé? Ká kọ ọ́ sílẹ̀. Ká kọ tiwa náà níbi tí a wà yìí. Òkúta pàápàá ń wó.