Dilman Dila ti Ùgáńdà: Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Rẹ̀ Nínú Ìwé àti Fíìmù Àràmàǹdà

Àwọn òǹkọ̀wé ìtàn àràmàǹdà ti ń pọ̀ sí i ní Áfíríkà, àwọn adarí fíìmù náà kò sì wọ́n. Ẹni tó ń ṣe méjèèjì, tí ọ̀kan kò sì pa èkejì lára, ló ṣọ̀wọ́n. Dilman Dila, ọmọ bíbí Tororo ní ìlà-oòrùn Ùgáńdà, wà lára irú wọn. Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ìbéèrè kan náà ni Dila ń bi àwùjọ rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá: bí agbára tuntun bá wọ ìlú, ọwọ́ ta ni yóò bọ́ sí, orí ta sì ni wàhálà rẹ̀ yóò dà lé?

Kì í ṣe ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀ ló gbé e dé ìdí iṣẹ́ yìí. Ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ ló kà ní Yunifásítì Makerere ní Kampala, èyí sì hàn nínú àwọn ìtàn rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ ìjọba, owó àti òfin kì í wọ́n níbẹ̀. Ní ti fíìmù, ó jàǹfààní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Maisha, ètò tí adarí fíìmù Mira Nair dá sílẹ̀ ní 2004 fún àwọn ọ̀dọ́ Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Fíìmù kúkurú rẹ̀, What Happened in Room 13, jáde ní 2007. Lẹ́yìn náà ló lọ gbé ní Nepal fún ìgbà díẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti ya Untouchable Love (2011), fíìmù ìṣẹ̀lẹ̀ ojú ayé nípa àwọn olólùfẹ́ tí àṣà ilẹ̀ náà sọ pé ìran wọn kò gbọdọ̀ fẹ́ra. Kò sí iwin, kò sí ẹ̀rọ àràmàǹdà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ agbára náà ni.

Ìwé ló gbé orúkọ rẹ̀ kọjá Ùgáńdà. Ní 2013, ìtàn rẹ̀ "A Killing in the Sun" wà lára àwọn tí wọ́n ṣà yọ fún ẹ̀bùn ìtàn kúkurú ti Commonwealth. Nígbà tó di 2014, àkójọ ìtàn tó fi orúkọ kan náà pè jáde. Ìtàn tó yẹ ká dúró lé lórí nínú rẹ̀ ni "The Leafy Man". Nínú ìtàn náà, wọ́n ṣẹ̀dá ẹ̀yà ẹ̀fọn tuntun kan láti fi kápá ibà. Ẹ̀fọn náà bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa ènìyàn. Japia, oníṣègùn ìbílẹ̀, ló rí ọgbọ́n dá sí i: ó wá ewé tí ẹ̀fọn náà kórìíra, ó fi bo gbogbo ara. Ẹni tó bá kà á gààràgà lè sọ pé Dila ń fi ewé bú sáyẹ́ǹsì. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìmọ̀ ewé Japia, ìmọ̀ tí wọ́n dán wò tó sì ṣiṣẹ́ ni. Àwọn tó fi abúlé ẹlòmíràn ṣe ibi ìdánwò ẹ̀fọn náà ni òǹkọ̀wé náà ń bá wí.

Ìbéèrè yìí tún gbòòrò nínú "The Flying Man of Stone", ìtàn gígùn tó wà nínú AfroSFv2 (2015) tí Ivor Hartmann ti Zimbabwe ṣe àkójọ rẹ̀. Ogun lé ọmọkùnrin kan àti bàbá rẹ̀ wọ inú ihò òkè, wọ́n sì bá ìmọ̀ ẹ̀rọ àtayébáyé pàdé níbẹ̀. Ní 2020, Wole Talabi, ọmọ Nàìjíríà, mú ìtàn Dila, "Yat Madit", sínú àkójọ Africanfuturism. Nínú ìtàn náà, ẹni tó ti ṣe ààrẹ rí dé láti ẹ̀wọ̀n, ó sì bá ìṣèjọba tuntun, níbi tí ẹ̀rọ ti so aráàlú pọ̀ kí gbogbo wọn lè máa dá sí ọ̀rọ̀ ìlú. Lẹ́ẹ̀kan yìí, agbára náà bọ́ sọ́wọ́ mẹ̀kúnnù.

Fíìmù rẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Nínú ìwé, Dila lè fi gbólóhùn kan pa abúlé run, ṣùgbọ́n owó ló ń ya fíìmù. Nítorí náà ló ṣe ń kó ìtàn jọ sórí ẹnìkan ṣoṣo tó dá wà. Nínú The Felistas Fable (2013), èpè ló mú kí ara obìnrin kan máa rùn, tí kò sí ẹni tó lè sún mọ́ ọn. Fíìmù yìí gba ẹ̀bùn mẹ́rin ní àjọ̀dún fíìmù Ùgáńdà ní 2014. Nínú Her Broken Shadow (2017), òǹkọ̀wébìnrin kan ń kọ ìtàn obìnrin kan tí òun náà jẹ́ òǹkọ̀wé. Kò pẹ́ tó fi hàn pé ìtàn tirẹ̀ gan-an ni ẹni tó ń kọ nípa rẹ̀ ń kọ. Ta wá ni ọlọ́wọ́ nínú wọn, ta sì ni ohun èlò? Inú yàrá lásán ni ìbéèrè agbára ti wáyé níbí, ó sì múná ju ti ẹ̀fọn lọ.

Ní ti ibi tí wọ́n ti ń tẹ àwọn ìwé rẹ̀, ohun kan wà tó yẹ kó ká wa lára. Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti tẹ A Killing in the Sun, Skọ́tláǹdì ni wọ́n ti tẹ The Future God of Love (2021), Amẹ́ríkà sì ni wọ́n ti tẹ Where Rivers Go to Die (2023). Ìwé nípa Ùgáńdà ní láti kọ́kọ́ rin ìrìn-àjò jíjìn kó tó padà dé ọ̀dọ̀ àwọn tó sọ ìtàn wọn.

Iṣẹ́ Dila tó ohun tí à ń kọ́ ní ẹ̀ka ìmọ̀ lítíréṣọ̀ àti eré ní àwọn yunifásítì wa, ìwé àti fíìmù pọ̀, kì í ṣe ọ̀kan ká fi ìkejì sílẹ̀. Ẹ̀yin atúmọ̀ èdè, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ òǹkọ̀wé, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti orí "The Leafy Man": ibà, ẹ̀fọn àti ewé kò ṣàjèjì sí òǹkàwé Yorùbá kankan.