Iṣẹ́ Ọnà tí Òǹwòran Ń Parí: Ẹ̀kọ́ Búdà, Eré àti Ìṣẹ̀dá nínú Ọnà Òde Òní

Láti nǹkan bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn ni àwọn oníṣẹ́ ọnà kan ti ń gbé iṣẹ́ kalẹ̀ tí kò lè pé àfi bí òǹwòran bá fi ọwọ́, ẹsẹ̀ tàbí ohùn ara rẹ̀ kún un. Inú ẹ̀kọ́ Búdà ni púpọ̀ nínú wọn ti rí ìmísí. Àwọn òǹkọ̀wé sábà máa ń fi ìparọ́rọ́ dá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ̀: yàrá funfun, òkúta, omi tó tòrò. Èmi kò gbà pé ibẹ̀ ni ẹ̀rí wà. Búdà kọ́ni pé kò sí ohun tí kì í yí padà, àti pé rírọ̀ mọ́ nǹkan pinpin ló ń bí ìyà. Ìbéèrè tó yẹ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, lójú tèmi, ni pé: kí ni ẹni tó ṣe é jọ̀wọ́ rẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀dọ̀ John Cage, olùkọ orin, bẹ̀rẹ̀, ẹni tó jókòó sí kíláàsì D. T. Suzuki ní Yunifásítì Columbia láti gbọ́ nípa Zen, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Búdà ní Japan. Ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹjọ, ọdún 1952, David Tudor jókòó sídìí dùùrù ní Woodstock, ní ìpínlẹ̀ New York, kò sì tẹ ohùn kan ṣoṣo jáde títí tí orin 4'33" fi parí. Inú igbó ni gbọ̀ngàn náà wà, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀. Atẹ́gùn, òjò lórí òrùlé àti ìkùnsínú àwọn èrò ni orin tí wọ́n gbọ́. Ohùn ara rẹ̀ ni Cage jọ̀wọ́.

Allan Kaprow, akẹ́kọ̀ọ́ Cage, ni ó mú eré wọ inú ọ̀ràn náà. Ní ọdún 1967, ó pe àwọn èèyàn ní agbègbè Los Angeles àti Pasadena láti fi àwọn búlọ́ọ̀kù yìnyín mọ ògiri onígun mẹ́rin tí kò ní òrùlé, gígùn rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 30, gíga rẹ̀ tó 8. Fluids ni ó pe iṣẹ́ náà. Wọ́n làágùn, wọ́n gbé e, wọ́n tò ó, lẹ́yìn náà wọ́n fi í sílẹ̀ fún oòrùn láti yọ́. Nígbà tó dàgbà sí i, Kaprow fúnra rẹ̀ di ẹni tó ń ṣe àṣàrò Zen.

Ṣùgbọ́n Lee Mingwei ni ó gba àkókò mi jù. Taiwan ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1964, ó sì kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ mọ́ńkì Chan (orúkọ tí àwọn ará Ṣáínà ń pe Zen) kan nígbà tó wà lọ́mọdé. Lẹ́yìn ikú ìyá ìyá rẹ̀, ó ń kọ lẹ́tà sí olóògbé náà. Láti inú èyí ni The Letter Writing Project, ọdún 1998, ti jáde. Àlejò yóò wọ yàrá kékeré kan, yóò dúró, jókòó tàbí kúnlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìṣe àwọn aláṣàrò, yóò sì kọ ohun tí kò rí sọ fún ẹnì kan rí. Lẹ́tà tí ó bá lẹ̀ pa tí ó sì kọ àdírẹ́sì sí, wọn yóò fi ránṣẹ́. Èyí tí kò bá lẹ̀, àwọn ẹlòmíràn lè kà á. Nínú The Moving Garden, ọdún 2009, ẹnikẹ́ni lè mú òdòdó kan, bí ó bá gbà láti yà kúrò ní ọ̀nà ilé rẹ̀ kí ó sì fún ẹni tí kò mọ̀ rí. Fífún ẹlòmíràn ní òdòdó yìí ń ṣẹlẹ̀ níta, níbi tí olùtọ́jú mùsíọ́mù kò ti lè mọ̀ bóyá àlejò mú ìlérí ṣẹ. Ìgbẹ́kẹ̀lé yìí jinlẹ̀ gan-an.

Èyí tó le jù ni Guernica in Sand, ọdún 2006. Lee fi yanrìn ya àwòrán Picasso sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lọ́nà tó mú ni rántí mandala, àwòrán yanrìn tí àwọn mọ́ńkì Tibet máa ń yà tí wọ́n sì ń gbá jọ lẹ́yìn náà. Ní ọjọ́ kan, bí ó ti ń parí apá tó kù, àwọn àlejò ń rìn kọjá lórí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan; lẹ́yìn náà ni wọ́n gbá yanrìn náà jọ sí àárín. Àwòrán ìlú tí bọ́ǹbù pa run ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó yẹ kí ẹsẹ̀ wúwo níbẹ̀.

Wish Tree ti Yoko Ono, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1996, kò rọrùn láti wọ̀n. Igi ni, èèyàn kọ ìfẹ́ ọkàn rẹ̀ sí bébà, ó so ó mọ́ ẹ̀ka, bí Ono ti rí i ní tẹ́ḿpìlì ní Japan ní kékeré. Ono kì í da bébà wọ̀nyí nù; ó ń kó wọn pa mọ́ fún Imagine Peace Tower ní erékùṣù Viðey, ní Iceland. Èyí jọ ìdìmú. Síbẹ̀ kì í kà wọ́n, mo sì gbà pé àìkà yẹn ni ìjọ̀wọ́ tirẹ̀.

Mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa The Dining Project tí Lee bẹ̀rẹ̀ ní 1997. Ìbò ni wọ́n fi ń yan ẹnì kan ṣoṣo tí Lee yóò gbọ́únjẹ fún lálẹ́ nínú mùsíọ́mù. Ọ̀rọ̀ wọn ni a gbà sílẹ̀ fún àwọn yòókù. Ẹni tó jẹun mọ̀ pé òun jẹ́ àlejò; àwọn tó kù padà sí ipò òǹwòran tí irú ọnà yìí ní òun fẹ́ pa rẹ́.