Láti Abẹ́ Ìyẹ́ Àgbébọ̀ Dé Ìdí Jẹnẹrétọ̀

 Gbogbo wa la mọ̀ pé epo àti iná ń jẹ èrè adìẹ. Ẹ jẹ́ ká wo bọ́rọ̀ ṣe débí.

Láyé àwọn bàbá wa, adìẹ ìbílẹ̀ ò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ lórí ooru. Àgbébọ̀ á sàba fún ọjọ́ 21. Tó bá pamọ tán, á ràdọ̀ bò wọ́n. Kò dáná kankan. Ooru ara rẹ̀ ni kì í jẹ́ kó sá lọ.

Ní nǹkan bíi 1960, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà dá àwọn farm settlement sílẹ̀, adìẹ ágíríìkì sì ń tàn kálẹ̀. Ẹ̀rọ ló ń pa òròmọdìẹ tiwọn, wọn ò mọ ìyá. Ẹni tó rà wọ́n ló di ìyá wọn, pẹ̀lú fìtílà, sítóòfù kẹrosíìnì àti ìkòkò èédú.

Ìsédò Kainji bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1969, wọ́n dá NEPA sílẹ̀ ní 1972. Gílóòbù wọ ilé adìẹ. Nígbà tí iná ò dúró mọ́, jẹnẹrétọ̀ gbapò. Bẹ́ẹ̀ la ṣe di ẹni tó ń ra ooru lójoojúmọ́. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù karùn-ún 2023, lítà bẹntiróòlù fò láti bíi náírà 190 sí ohun tó ju 480 lọ. Ní oṣù kẹrin 2024, yúníìtì iná Band A kúrò ní bíi náírà 68, ó di 225.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́gbọ́n àgbébọ̀: ká má jẹ́ kí ooru tá a ti rà sá lọ.

Òròmọdìẹ ọ̀sẹ̀ kìíní nílò ooru 32 sí 35 Celsius. Ẹ máa fi bíi 3 dín in lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ má fowó mú gbogbo ilé gbóná. Ẹ fi tàpólì pín igun kan, ẹ bo òkè rẹ̀, ẹ tẹ́ èérún pákó gbígbẹ tó nípọn. Lásìkò ọyẹ́, ẹ dí ìsàlẹ̀, àmọ́ ẹ fi àyè sílẹ̀ lókè. Èéfín èédú ń pa òròmọdìẹ, ó ń pa èèyàn.

Adìẹ tó ń yé nílò ìmọ́lẹ̀ wákàtí 16. Oòrùn ń fún wa ní bíi 12, ó ku 4. Ẹ má tanná mọ́jú. Gílóòbù àtijọ́ oníwáàtì 60 mẹ́wàá á jẹ yúníìtì 2.4 ní wákàtí mẹ́rin: náírà 540 ní iye Band A ti oṣù kẹrin 2024. LED oníwáàtì 9 mẹ́wàá á jẹ 0.36: náírà 81 ní iye ìgbà yẹn. Lóṣù kan ní iye ìgbà yẹn, 16,200 rèé, 2,430 rèé. Àmọ́ LED ò mú ooru wá o, ti adìẹ tó ń yé ni, kì í ṣe ti òròmọdìẹ.

Àgbébọ̀ ò mọ iye tí wọ́n ń ta epo, síbẹ̀ kì í jẹ́ kí òtútù pa ọmọ rẹ̀. Oko ò ní tàn wá o.