Ọ̀wẹ̀ Àwọn Kọ̀ǹpútà

Bí oko àgbẹ̀ Ẹ̀júkù bá pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ, ọ̀wẹ̀ ni yóò bẹ̀. Ọgbọ́n yìí náà ló dé ìdí iṣẹ́ àwòrán inú ara. Lọ́dún 1971, tí wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ CT ya orí aláìsàn ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, kọ̀ǹpútà kan lo nǹkan bíi wákàtí 2 àti ààbọ̀ láti ṣírò àwòrán náà. Lọ́dún 1994, Thomas Sterling àti Donald Becker so kọ̀ǹpútà 16 pọ̀ ní NASA. Kọ̀ǹpútà ọjà lásán ni wọ́n. Irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ fi ń ṣe àfarawé ìrìn ìtànṣán nínú ara: ìtànṣán kan kì í dúró de èkejì, nítorí náà iṣẹ́ ṣeé pín. Yunifásítì wa tí kò lówó ẹ̀rọ ńlá, kí ló dé tí kò fi bẹ ọ̀wẹ̀?