Ìmọ́lẹ̀ Gẹ́gẹ́ bí Òṣùwọ̀n: Ìtàn Bí A Ṣe Ń Wọn Ìtẹ̀ Afẹ́fẹ́

Ẹni tó bá ti ra gààrí rí ní Ọjà'ba mọ̀ pé kí á tó ná ọjà, a ó kọ́kọ́ wo ìdí kóńgò bóyá ó tẹ̀ wọnú. Ìbéèrè ọjà yìí náà ni mo fẹ́ bi àwọn onísáyẹ́ǹsì lónìí. Afẹ́fẹ́ ń ti gbogbo ohun tó bá kàn. Agbára tó fi ń tì í ni mo pè ní ìtẹ̀ afẹ́fẹ́. Òṣùwọ̀n ta ni a ó fi wọ̀n ọ́n, ta ni yóò sì jẹ́rìí sí òṣùwọ̀n náà?

Ní 1644, Evangelista Torricelli, ará Ítálì, ṣàlàyé nínú lẹ́tà kan pé afẹ́fẹ́ òde ló ń gbé mẹ́kúrì dúró nínú ọ̀pá dígí. Létí òkun, gíga rẹ̀ a máa tó nǹkan bí mìlímítà 760. Ní 1648, Florin Périer gbé irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ gun òkè Puy de Dôme ní ilẹ̀ Faransé, nítorí pé Blaise Pascal bẹ̀ ẹ́. Mẹ́kúrì náà sì wálẹ̀. Òfin yìí kò yọ Ìbàdàn sílẹ̀. Ẹni tó kúrò ní Bẹẹrẹ tó ń gun òkè Màpó, bó bá ti gòkè ní mítà 8, ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ ti dín ní nǹkan bí ìdá kan nínú 1,000.

Fún ohun tó lé ní 300 ọdún, mẹ́kúrì ni adájọ́. Ṣùgbọ́n májèlé ni: oòru rẹ̀ a máa ba ọpọlọ àti kíndìnrín jẹ́. Ní 2013, àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí Àdéhùn Minamata. Nàìjíríà wọ inú rẹ̀ ní 2018. Àdéhùn náà fi òpin sí ṣíṣe barómítà onímẹ́kúrì àti kíkó o wọlé tàbí jáde lẹ́yìn 2020, àfi èyí tó wà fún òṣùwọ̀n tó péye gidigidi, níbi tí kò bá sí arọ́pò. Ìmọ́lẹ̀ ni arọ́pò tí mo ń wí.

Ìmọ́lẹ̀ a máa falẹ̀ díẹ̀ nínú gáàsì, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń la ọjà kọjá: bí èrò bá ṣe pọ̀ tó ni ẹsẹ̀ ṣe ń falẹ̀ tó. Nínú afẹ́fẹ́ etí òkun, ohun tó ń dín nínú eré rẹ̀ kò tó 3 nínú 10,000. Síbẹ̀, ní 1856, Jules Jamin ará Faransé ṣe ẹ̀rọ tó pín ìmọ́lẹ̀ sí méjì, tó jẹ́ kí ọ̀kan gba inú gáàsì, tó sì tún pa wọ́n pọ̀. Níbi tí wọ́n ti pàdé, ìlà ìmọ́lẹ̀ àti ìlà òkùnkùn a tò tẹ̀lé ara wọn. Bí gáàsì bá ti ń kún sí i ni àwọn ìlà náà ń ṣí nípò. Ẹni tó bá kà wọ́n lè mọ bí mọ́lékù ṣe pọ̀ tó níbẹ̀.

Bí a bá fi ìwọ̀n ìgbóná àti nọ́ńbà Boltzmann sọ iye mọ́lékù inú àyè kan di púpọ̀, ìtẹ̀ ni a ó rí. Ní ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún 2019, gbogbo àgbáyé fìdí nọ́ńbà náà múlẹ̀. Ti gáàsì helium tún rọrùn: elékítírọ́ọ̀nù 2 péré ni átọ́ọ̀mù rẹ̀ ní, ìṣirò sì lè sọ bí yóò ṣe dá ìmọ́lẹ̀ dúró tó. Ní NIST, ilé-iṣẹ́ òṣùwọ̀n Amẹ́ríkà, lésà tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín dígí méjì ti ń ṣe iṣẹ́ tí ọ̀pá mẹ́kúrì tó ga tó mítà 3 ń ṣe.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé òṣùwọ̀n kì í tún ṣe ohun tí orílẹ̀-èdè kan fi pamọ́ sínú yàrá rẹ̀. Ẹni tó bá ní gáàsì tó mọ́, lésà àti ìwọ̀n ìgbóná tó péye lè dá a ṣe. Atọ́sánmọ̀ inú ọkọ̀ òfúrufú àti agogo ìtẹ̀ ara àgbá ọ́síjìn ilé ìwòsàn wà lábẹ́ òṣùwọ̀n yìí.

Irú ọgbọ́n yìí kò ṣàjèjì sí Ìbàdàn. Nínú Ọdún Geofísíìsì Àgbáyé, 1957 sí 1958, àwọn onífísíìsì ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn ń rán ìgbì rédíò, tí í ṣe ọmọ ìyá ìmọ́lẹ̀, sí òkè tó ju kìlómítà 100 lọ. Bí ìgbì náà ṣe ń padà ni wọ́n fi ń mọ bí elékítírọ́ọ̀nù ṣe pọ̀ tó níbẹ̀. Kì í ṣe ìtẹ̀ ni wọ́n wọ̀n, ṣùgbọ́n ọ̀nà ìrònú kan náà ni. Nítorí pé Ìbàdàn sún mọ́ ìlà agbedeméjì òòfà ayé, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ òkèèrè lo àkọsílẹ̀ wọn.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùgbọ́ mi, kíkọ́ ènìyàn ni ó kù. Bí a bá ra ẹ̀rọ lésà láìní ẹni tó lè yẹ̀ ẹ́ wò nílé, kóńgò àjèjì kan ni a fi pààrọ̀ òmíràn.