Àwa Tí Kọ́kọ́rọ́ Láíbìrì Wà Lọ́wọ́ Wa

Ọdún 1980 ni mo wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Ìbàdàn. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba ẹgbẹ́ òṣèlú UPN gbé dé ní 1979 ti kó ọmọ kún kíláàsì, ẹni mẹ́ta ń jókòó sórí àga ẹni méjì. Yàrá kan ṣoṣo ni láíbìrì wa, tíṣà Gẹ̀ẹ́sì tó ń mójú tó o sì ní kíláàsì mẹ́fà lọ́rùn. Bí kì í bá ṣe ti pírífẹ́ẹ̀tì láíbìrì, ìlẹ̀kùn yẹn ì bá má ṣí rárá.

Ní 1983, nígbà tí mo pé ọmọ ọdún 15, oyè náà kàn mí. Mo ń nu eruku, mo ń lu òǹtẹ̀ ọjọ́ ìdápadà, mo ń kọ orúkọ ẹni tó yáwèé sínú lẹ́jà. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi mí rí pé ìwé wo ni àwọn ẹgbẹ́ mi ń wá.

Bẹ́ẹ̀ Ìbàdàn kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ láíbìrì. Níbẹ̀ ni UNESCO ti ṣe àpérò lórí ilé-ìkàwé gbogbogbòò nílẹ̀ Áfíríkà ní 1953. Ní 1960, yunifásítì ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ láíbìrì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adetowun Ogunsheye, obìnrin àkọ́kọ́ tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Nàìjíríà, ló dá láíbìrì Abadina sílẹ̀ nínú ọgbà yunifásítì, kí àwọn ọmọ àdúgbò náà lè ní ibi tiwọn.

Tíṣà tuntun tó dé bá wa, yunifásítì yìí ni ó ti kọ́ iṣẹ́ láíbìrì. Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí n gbé lẹ́jà wá, a sì jọ kà á látòkè délẹ̀. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì ńláńlá tó wà lẹ́bàá fèrèsé, ẹnikẹ́ni kò yá a rí. Ìwé Fágúnwà mẹ́rin tí a ní, inú kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n tì í pa sí nítorí olè. Ó kó ogún ọmọ jọ, ó ní: "Ẹ̀yin ọmọ, kí ni ẹ máa ń wá tí ẹ kì í rí?"

Kẹ́kẹ́ pa. Ọmọbìnrin kan ló kọ́kọ́ fọhùn: "Mà, ìgbà tí láíbìrì bá fi máa ṣí, mo ti gbé igbá àkàrà lórí."

Ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣílẹ̀kùn ní àkókò bíréèkì. A ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, a to ìwé Yorùbá sẹ́nu ọ̀nà, a sì yan ọmọ kọ̀ọ̀kan tí yóò máa gba orúkọ ìwé tí kíláàsì rẹ̀ fẹ́. Kí táàmù tó parí, lẹ́jà tí a ti ń lò bọ̀ láti ọdún mẹ́ta kún, a ra òmíràn. Ìwé Fágúnwà kan sọnù lóòótọ́. Mẹ́ta yòókù gbó mọ́ àwọn ọmọ lọ́wọ́.

Ọmọbìnrin alákàrà yẹn ló kọ́ mi pé ẹni tí kì í wọlé ló mọ ohun tó ti ìlẹ̀kùn. Èmi náà ti di òṣìṣẹ́ láíbìrì láti ọjọ́ pípẹ́. Ìwé àkọsílẹ̀ kan wà lórí tábìlì mi tí mo ń kọ èsì àwọn ọ̀dọ́ sí. Èyí tí wọ́n bá ní kò sí, òun ni mo máa ń kọ́kọ́ rà nígbà tí owó bá dé.